Káàdì Oúnjẹ Ń Sọdá Ààlà, Fáìlì Rẹ̀ Kì í Sọdá

Ká sọ pé ìdílé Yorùbá kan ń kó kúrò ní Baltimore lọ sí Houston. Bàbá ti rí iṣẹ́ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá sì ti ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní àdúgbò Alief níbẹ̀ títí wọ́n á fi rí ilé tiwọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìkòkò, odó, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ òtútù tí wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò mọ́, gbogbo rẹ̀ ti wọ páálí. Ọ̀nà tó lé ní máìlì 1,400 ló wà níwájú wọn, ọmọ méjì sì wà nínú mọ́tò tí ebi kò ní ṣàì máa pa. Nínú pọ́ọ̀sì ìyá ni káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Independence Card. Òun ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ ní Maryland láti bí ọdún méjì. Kí wọ́n tó gbéra, ìyá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé food stamp wa á ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Á ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí wàhálà kankan. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ààbọ̀ òótọ́ ni. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n kò tó ẹni tó ń kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Káàdì náà á ṣiṣẹ́ ní Houston. Ètò tó ń fi owó sínú káàdì náà ni kò ní bá wọn débẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní food stamp ti yí orúkọ padà láti ọdún 2008. SNAP ló ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba báyìí. Lọ́dún 2024, àwọn tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lóṣooṣù lé ní mílíọ̀nù 41 káàkiri Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ ní Washington, láti ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, ló ń san owó oúnjẹ náà. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba fọ́ọ̀mù, òun ló ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, òun ló ń ṣírò iye tó tọ́ sí olúkúlùkù, òun náà ló sì ń tẹ káàdì tirẹ̀. Owó kan ṣoṣo ni, ọwọ́ tó ń pín in ló lé ní àádọ́ta.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní California, CalFresh ni. Ní Wisconsin, FoodShare. Ní Vermont, 3SquaresVT. Káàdì pẹ̀lú ní orúkọ tirẹ̀: Lone Star ni ti Texas, Link ni ti Illinois, Louisiana Purchase sì ni ti Louisiana, orúkọ tó ń fi bí Amẹ́ríkà ṣe ra ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ Faransé lọ́dún 1803 ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì ní Houston tó ń béèrè bí òun ṣe máa tún Independence Card òun ṣe, ńṣe ni wọ́n á máa wò ó. Ètò kan náà sì ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó jẹ́ bébà ni wọ́n ń fún èèyàn dípò káàdì, ààlà kò dí ìnáwó lọ́wọ́. Ìlú Rochester ní New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ètò náà wò, ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1939, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Mabel McFiggin fi di ẹni àkọ́kọ́ tó gba sítáǹpù. Ẹni tó bá ra sítáǹpù aláwọ̀ ọsàn ti dọ́là kan, ìjọba á fi aláwọ̀ búlúù ti àádọ́ta sẹ́ǹtì jin ín lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò yẹn dáwọ́ dúró lọ́dún 1943. Nígbà tí ìjọba Kennedy jí i dìde lọ́dún 1961, West Virginia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, tọkọtaya kan, Alderson àti Chloe Muncy, ra sítáǹpù dọ́là 95 fún ilé tí ènìyàn 15 ń gbé. Òfin tó sọ ọ́ di ètò tó fìdí múlẹ̀ jáde lọ́dún 1964, òfin ti 1977 ló sì fòpin sí kí tálákà máa fowó ra sítáǹpù kó tó jẹun.

Bébà náà, ibi tó bá wu èèyàn ló ti lè ná an. Lẹ́yìn náà ni ọ̀làjú dé. Lọ́dún 1984, wọ́n dán káàdì wò ní Reading, ní Pennsylvania, ó sì dára: kò sí pé èèyàn ń fa bébà ya níwájú àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, olè kò sì rí ìwé sítáǹpù jí mọ́. Àmọ́ bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ra ẹ̀rọ tirẹ̀, káàdì ìpínlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í di ike lásán bó bá ti kọjá ààlà. Ohun tuntun wá ń ṣe ohun tí ti àtijọ́ kò ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2000 ni òfin kan jáde tó pàṣẹ pé gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ máa gbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tí ìjì Katrina lé àwọn ará New Orleans sá lọ sí Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ẹni tí káàdì Louisiana Purchase bá wà lápò rẹ̀ ṣì lè fi ra oúnjẹ ní Texas.

Nítorí náà, ìyá tó ń bọ̀ láti Baltimore lè fi káàdì rẹ̀ ra búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti mílíìkì ní Virginia, ní Tennessee, ní Louisiana, títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ìpínlẹ̀ àádọ́ta, Washington D.C., Guam àti U.S. Virgin Islands ló ń gbà á. Puerto Rico wà lára ibi tó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún, torí pé láti ọdún 1982 ni erékùṣù náà ti ní ètò oúnjẹ tirẹ̀ tí kì í ṣe SNAP. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ìyá ń tẹ̀ nílé náà ló máa tẹ̀ lójú ọ̀nà. Ilé ìtajà kò sì gbọ́dọ̀ gba owó orí lórí ohun tí a bá fi SNAP rà, kódà ní ìpínlẹ̀ tó ń gba owó orí lórí oúnjẹ.

Ohun tí káàdì kì í rà nílé, kò ní rà á lájò: ọtí, sìgá, ọṣẹ, pámpásì, oògùn, oúnjẹ gbígbóná. Ní ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà tó bá ti gba àṣẹ láti máa gba káàdì SNAP, èèyàn lè ra iṣu, gààrì, ẹ̀wà, epo pupa, panla àti ata rodo. Mọ́ínmọ́ín tó tutù nínú fìríìsà, a lè rà á gbé lọ sílé. Èyí tó ń ru èéfín lórí káńtà, owó ọwọ́ ẹni la ó fi rà á. Irúgbìn pàápàá wà lára ohun tí òfin gbà láti ọdún 1973, bó bá ṣáà ti jẹ́ ohun tí a ó hù jẹ. Ilá àti tòmátò ẹ̀yìnkùlé lè tipa bẹ́ẹ̀ wá láti inú káàdì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa káàdì tán, rìsíìtì á jáde, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni iye owó tó kù sì máa ń wà. Ẹni tó ń rìnrìn-àjò kò gbọ́dọ̀ ju bébà kékeré yẹn nù.

Fáìlì ni iṣẹ́ wà. Ilé ìfowópamọ́ lè gbé àkáǹtì èèyàn láti Maryland dé Texas láìjẹ́ pé ó dìde lórí àga. SNAP kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ń gba fáìlì lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kejì. Ti Maryland gbọ́dọ̀ di pípa, ti Texas gbọ́dọ̀ di ṣíṣí láti orí ewé àkọ́kọ́, bí ẹni tí kò gba ìrànwọ́ rí láyé rẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti dáhùn ní Baltimore, wọ́n á tún dáhùn rẹ̀ ní Houston.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gba SNAP ní ìpínlẹ̀ méjì nínú oṣù kan náà. Ẹni tí òfin yọ sílẹ̀ ni obìnrin tó sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń lù ú, tó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi ààbò tí wọ́n dìídì kọ́ fún irú wọn. Òun lè tún gbà lẹ́ẹ̀kejì lóṣù kan náà, nítorí pé káàdì àkọ́kọ́ lè ti wà lọ́wọ́ ẹni tó sá fún.

Ẹ wo bí òfin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí kàlẹ́ńdà. Maryland máa ń pín owó láàárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 23 oṣù. Bí owó oṣù kẹsàn-án bá wọlé fún ìdílé yìí ní ọjọ́ 10, tí wọ́n sì dé Houston ní ọjọ́ 20, Texas kò ní san ti oṣù kẹsàn-án mọ́, torí pé wọ́n ti jẹ ẹ́. Oṣù kẹwàá ni Texas lè bẹ̀rẹ̀. Bí Maryland kò bá mọ̀ pé wọ́n ti lọ, tó sì tún fi owó oṣù kẹwàá ránṣẹ́, Texas á sún ọ̀rọ̀ di oṣù kọkànlá. Àwọn kan á rò pé àwọn jèrè nígbà tí owó ìpínlẹ̀ àtijọ́ ń wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti kó lọ. Gbèsè ni, ìjọba á sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó yẹ kí ìyá ṣe ní Baltimore, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣí, ni kó kàn sí Department of Human Services ti Maryland, kó sọ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, kó ní kí wọ́n pa fáìlì náà ní òpin oṣù. Ọ̀rọ̀ orí fóònù nìkan kò tó. Kó gba lẹ́tà tó fi hàn pé fáìlì ti pa, àti oṣù tí owó ìkẹyìn wọlé. Kó fún wọn ní àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n ní Alief, kí lẹ́tà má baà lọ sun sínú àpótí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Bí lẹ́tà yìí bá wà lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ Houston kò ní máa pe Maryland lójoojúmọ́ kó tó lè parí iṣẹ́. Bí kò bá sí lọ́wọ́, ìdílé á máa dúró de ìpínlẹ̀ méjì tí kò mọ ara wọn.

Ẹni tó bá sì rò pé ìpínlẹ̀ méjì kò ní mọ̀, kó tún un rò. Ìpínlẹ̀ márùn-ún ní gúúsù, Alabama, Florida, Georgia, Louisiana àti Mississippi, ló kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ kan wò tó ń fi orúkọ wé orúkọ láàárín wọn. Òfin ọ̀gbìn ti 2018 wá pàṣẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ wọnú rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tún máa ń wo káàdì tó jẹ́ pé ìlú mìíràn ló ti ń náwó láti oṣù dé oṣù. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó purọ́ ibi tó ń gbé tàbí irú ẹni tó jẹ́, kó lè gba owó níbi méjì, ọdún 10 ni wọn ò fi ní fún un ní SNAP mọ́. Ẹni tó ṣàṣìṣe láìmọ̀ kò jẹ irú ìyà yẹn, ṣùgbọ́n owó tó gbà lé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó dára, wọ́n ti dé Houston. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò kí wọ́n tó di ará Texas? Kò sí iye kan. Èyí kò sì fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ nínú ètò ìrànwọ́ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1966, ọmọ ọdún 19 kan, Vivian Thompson, tó ní ọmọ kan tó sì lóyún, kúrò ní Massachusetts lọ bá ìyá rẹ̀ ní Hartford, ní Connecticut. Ó béèrè ìrànwọ́ owó tí wọ́n ń fún abiyamọ, wọ́n ní kò tíì pé ọdún kan ní ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tí ìdájọ́ sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1969: ìpínlẹ̀ kò lè sọ ebi di ìyà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Owó abiyamọ ni ẹjọ́ yẹn dá lé, kì í ṣe food stamp, àmọ́ òfin SNAP náà kò gba ìpínlẹ̀ láyè láti ní kí àlejò kọ́kọ́ lo iye ọjọ́ kan. Bí èèyàn bá ti ń gbé ibẹ̀, tí kì í ṣe pé ó wá lo ọlidé, ó tó. Kò pọn dandan kó ní ilé tirẹ̀. Kò tilẹ̀ pọn dandan kó ní ilé rárá.

Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù bá wọlé ṣe pàtàkì gan-an, torí pé láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ka owó oṣù àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò tíì gba owó oṣù náà níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró kí gbogbo ìwé pé. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Orúkọ, àdírẹ́sì àti ìbuwọ́lùwé ti tó láti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ìwé yòókù lè máa bọ̀ lẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Ṣùgbọ́n bí owó tó wọlé fún ìdílé lóṣù náà kò bá tó dọ́là 150, tí ohun tó wà lọ́wọ́ àti ní báńkì kò sì ju dọ́là 100 lọ, ọjọ́ 7 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí owó ilé àti owó iná rẹ̀ bá ju gbogbo ohun tó ní àti ohun tó ń wọlé fún un lọ. Ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tí bàbá kò tíì gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, sábà máa ń bọ́ sínú èyí láìmọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́rọ̀ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti ọjọ́ méje kò kàn wá?"

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ló yẹ kí àwa Yorùbá fetí sí jù. Lójú òfin SNAP, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ àwọn èèyàn di ilé kan, ìkòkò ni. Àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n jọ ń ra oúnjẹ, tí wọ́n sì jọ ń sè é, ilé kan ni wọ́n. Bí ìdílé Baltimore bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wọn jọ ń jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gbọ́n, owó iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ti ọkọ rẹ̀ á wọ inú ìṣirò, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo wọn má rí nǹkan kan gbà. Bí àwọn àlejò bá ń ra gààrì tiwọn, tí wọ́n ń se ọbẹ̀ tiwọn, ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí sítóòfù kan náà ni wọ́n ti ń dáná.

Tọkọtaya tó ń gbé pọ̀ kò lè sọ pé ìkòkò àwọn yàtọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 22 tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ náà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ti dàgbà lè sọ ọ́, bó bá jẹ́ òótọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di ti àṣà. Nílé Yorùbá, kí àbúrò dé sílé ẹ̀gbọ́n kó máa dá ọbẹ̀ tirẹ̀ sè, ìjà ni àwọn aládùúgbò á kà á sí. "Ṣé ọbẹ̀ mi ni kò dùn ni, àbí kí ló dé?" Ó yẹ kí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ náà kí ẹrù tó dé, kí ọbẹ̀ kankan tó hó. Ohun tí wọ́n bá sì fẹnu kò sí ni kí wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba, torí pé yóò béèrè. Kí wọ́n má sọ pé ìkòkò yàtọ̀ nígbà tí gbogbo ilé jọ ń jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan.

Iye tí wọ́n ń gbà ní Baltimore lè má jẹ́ iye tí wọ́n máa gbà ní Houston. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 dé oṣù kẹsàn-án ọdún 2026, iye tó pọ̀ jù tí ilé ènìyàn mẹ́rin lè gbà ní ìpínlẹ̀ 48 tó wà lórí ilẹ̀ kan náà jẹ́ dọ́là 994 lóṣù. Ní Hawaii, tí oúnjẹ ti wọ́n, dọ́là 1,689 ni. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gba iye yìí. Wọ́n á yọ àwọn ìnáwó tí òfin gbà kúrò nínú owó tó ń wọlé, owó ilé sì wà lára wọn. Ohun tó bá kù, wọ́n á mú ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kúrò lára iye tó pọ̀ jù. Bí dọ́là 1,000 bá kù fún ilé ènìyàn mẹ́rin lẹ́yìn gbogbo ìyọkúrò, dọ́là 300 á kúrò lára 994, wọ́n á gba 694. Ẹni tó kúrò níbi tí owó ilé ti wọ́n lọ síbi tó ti rọ̀, tàbí tó ń gbé ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, á rí i pé iye rẹ̀ wálẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹnu ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọnú ètò náà kò gbòòrò bákan náà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Bí a bá pe ìlà òṣì ìjọba àpapọ̀ ní dọ́là 100, Maryland á gba ẹni tí dọ́là 200 ń wọlé fún láyè láti béèrè, Texas á dúró sí 165. Texas tún máa ń wo owó tó wà ní báńkì, tí kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 5,000 lọ, ó sì máa ń wo iye tí mọ́tò tó. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, Indiana, Iowa, Nebraska, Utah àti West Virginia ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínà fún kí wọ́n fi SNAP ra irú ohun mímu aládùn bíi kóòkì. Texas pẹ̀lú gba àṣẹ tirẹ̀ lọ́dún 2025. Ohun tó ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ ọjà ní Baltimore lè di èyí tí ẹni tó ń gbowó á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìlú tuntun.

Fún ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ green card, ìbéèrè mìíràn wà. Àgbàlagbà sábà máa ń dúró ọdún márùn-ún kó tó lè gba SNAP. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní dúró, ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà sì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ kódà bí òbí kò bá ní. Kíkó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kò dá kíkà ọdún márùn-ún náà padà sẹ́yìn. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2025 ti yọ àwọn olùwá-ibi-ìsádi kúrò, àfi tí wọ́n bá gba green card. California àti Washington ní ètò oúnjẹ tí wọ́n ń fi owó ìpínlẹ̀ tiwọn ṣe fún àwọn kan tí òfin àpapọ̀ yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí irú ètò bẹ́ẹ̀, kó mọ̀ pé inú ìpínlẹ̀ yẹn ló parí sí.

Òfin 2025 yìí kan náà mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ le sí i. Ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 64, tí ara rẹ̀ le, tí kò sì ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 nílé, oṣù mẹ́ta péré ló lè gbà nínú ọdún mẹ́ta bí kò bá ṣiṣẹ́ wákàtí 80 lóṣù. Ìpínlẹ̀ tuntun lè béèrè iye oṣù tó ti lò lọ́wọ́ ti àtijọ́.

Ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín nínú gbogbo èyí ni WIC, ètò oúnjẹ fún aláboyún, abiyamọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kan náà ló ni ín, ìdàkejì pátápátá ni wọ́n sì ṣe níbẹ̀. Káàdì WIC ti ìpínlẹ̀ kan kì í ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Fáìlì rẹ̀ ló ń rìn: ìyá á gba ìwé ẹ̀rí ní kílíníìkì tó ń kúrò, kílíníìkì tuntun sì gbọ́dọ̀ gbà á láìtún yẹ̀ ẹ́ wò títí ọjọ́ tó wà nínú ìwé náà á fi pé. Nítorí náà, ìyá tó ní méjèèjì lọ́wọ́ á ná káàdì kan lọ́nà, á pa èkejì mọ́. Á gba ìwé níbì kan, á tún kọ fọ́ọ̀mù níbì kejì. Òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá máa ń dà wọ́n pọ̀.

Ó ku owó tó ṣẹ́ kù sínú káàdì àtijọ́. Ti ẹni tó ni ín ni, kódà lẹ́yìn tí fáìlì bá ti pa, ó sì lè ná an tán ní Houston. Bí kò bá fọwọ́ kan káàdì náà fún oṣù mẹ́sàn-án, owó náà á padà sọ́dọ̀ ìjọba. Bí káàdì bá sọnù lẹ́yìn tí wọ́n ti kó, àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ni wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́ sí, ìdí mìíràn tó fi yẹ kí àdírẹ́sì tuntun ti wà lọ́wọ́ wọn. Bí olè bá sì fi ẹ̀rọ ayédèrú jí owó inú rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kò dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà mọ́ láti ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2024. Kí èèyàn yí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ padà kó tó gbéra, kó tún yí i padà nígbà tó bá dé.

Nọ́ńbà fóònù tó wà lẹ́yìn káàdì wà fún yíyí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ àti fún mímọ iye tó kù. Kò lè pa fáìlì. Ọ́fíìsì tó ń kọ lẹ́tà sí yín látẹ̀yìnwá ni kí ẹ pè fún ìyẹn, kí ẹ sì pè é kí òpin oṣù tó dé.